Celica mi kì í fẹ́ jí láàárọ̀ ọyẹ́, gíà kejì sì ń ké. Ṣé kí n ra gíà bọ́ọ̀sì?

Àkànbí Kínnirá:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, nílé lóko. Mo nílò ọgbọ́n yín kí n tó ná owó tí n kò ní.

Toyota Celica GT ọdún 2001 ni mo rà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, onígíà ọwọ́, márùn-ún. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ọkọ̀ yìí. Ọwọ́ ẹni tó ń lò ó n'Íbàdàn ni mo ti rà á. Ọjọ́ tí mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀sán gangan ni, ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn dé. Ẹńjìnì dákẹ́ rọ́rọ́, gíà ń wọlé wẹ́rẹ́. Mo sanwó. Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Láago mẹ́fà àárọ̀, bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹńjìnì á máa yí, á máa yí, kò ní jí. Ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó gbà. Bó bá sì jí, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bí n kò bá fẹsẹ̀ lé epo, á kú. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ara rẹ̀ á balẹ̀. Tí mo bá gbéra, gíà kìíní á wọlé tipátipá. Tí mo bá fẹ́ bọ́ sí kejì, "kìrrr" ni, mo máa ń gbọ́ ọ wọ egungun ọwọ́ mi. Kí n tó dé Tákìé, ó ti dẹ̀ díẹ̀. Kí n tó dé Under G, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é rí.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ní gíà bọ́ọ̀sì ti lọ, kí n wá owó tọ̀kúnbọ̀ mìíràn, kí n sì tún wá owó búréèn bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹńjìnì, mọ́ ọn. Ọ̀sán ni mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì wa ọkọ̀ náà kúrò lójú kan. Kí lẹ rí sí i?

Ọ̀gá Sùpánà:

Àkànbí, pẹ̀lẹ́ o. Má ì tíì ra gíà bọ́ọ̀sì kankan.

Ohun tí o kọ ti dáhùn ìdajì ìbéèrè rẹ. Gíà tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán kì í wo aago. Láàárọ̀ ni, lọ́sàn-án ni, yóò máa ké ni. Èyí tó ń ké kí oòrùn tó yọ, tó sì ń dẹ̀ bó bá ti gbóná, ọ́ìlì rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà kílọ́ọ̀ṣì, kí o tó wá kan synchro, òrùka tó wà nínú gíà.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ yìí. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ń náwó lé lórí, kò sí mẹkáníìkì tó rí i nígbà tó tutù. Ẹni tó ni ọkọ̀ á wà á dé ṣọ́ọ̀bù lágogo mọ́kànlá, ẹńjìnì á ti gbóná, àìsàn náà á ti sá pamọ́. Mẹkáníìkì á wá máa méfò. Ìwọ náà, ọkọ̀ tó ti gbóná lo rà, ọkọ̀ tó ti gbóná lo tún gbé lọ fún wọn yẹ̀ wò. Ọkọ̀ bíi tìrẹ, ńṣe ni kí o gbé e sùn sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan án di àárọ̀, kí mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́. Tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, pè é wá sílé rẹ ní ìdájí.

Ṣe èyí lọ́la kí o tó tan ẹńjìnì rárá. Tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, kí o ti gíà láti kìíní dé ìkarùn-ún, títí dé rìfáàsì. Bó bá le gan-an nígbà tí ẹńjìnì ò tíì ṣiṣẹ́, wo okùn gíà. Okùn méjì ló ń lọ láti ìdí ọ̀pá gíà dé orí gíà bọ́ọ̀sì nínú Celica yìí, rọ́bà kékeré etí wọn sì máa ń jẹ. Bó bá wọlé jẹ́jẹ́, tan ẹńjìnì, jẹ́ kó dúró. Tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ka ení dé àrún, kí o wá fi sí rìfáàsì. Nínú ọ̀pọ̀ gíà ọwọ́, rìfáàsì kò ní synchro tó máa bo àṣírí. Tó bá ké, kílọ́ọ̀ṣì ò yọ tán nìyẹn. Tẹ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì léraléra kí o tún un dán wò. Tó bá wá dẹ̀, afẹ́fẹ́ ti wọ inú búréèkì ọ́ìlì tó ń tì í, tàbí kí upper tàbí lower kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn pọ́ńpù òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó ń ti ọ́ìlì náà, máa jò. Fi ìka kan òkè ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì nínú ọkọ̀ níbẹ̀, níbi tí irin ti wọ inú ògiri, bóyá ó tutù.

Ṣùgbọ́n tí rìfáàsì bá wọlé láìsí ariwo, tó jẹ́ kejì nìkan ló ń ké, ọ̀rọ̀ di ti synchro àti ọ́ìlì. Òrùka idẹ ni synchro. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di gíà tó ń sáré mú díẹ̀, kí òun àti èkejì lè máa yí ní ìwọ̀n kan náà kí eyín wọn tó kọ́ra. Bí ọ́ìlì bá nípọn jù, òrùka yẹn ò ráyè gé ọ́ìlì kọjá dé ara irin, ni eyín bá ń fi orí gbá eyín.

Ìbéèrè mi ni pé, ọ́ìlì wo ló wà nínú rẹ̀?

Àǹtí Bátìrì Sábó:

Àbúrò, kú ìnáwó. Kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan, ẹ gbé mítà lé bátìrì o.

Ìdájí ni kí o wọ̀n ọ́n, kí o tó ṣí ilẹ̀kùn tí iná inú ọkọ̀ á fi tàn. Bátìrì tó kún dáadáa, fóltì 12.6 ló máa fi hàn. Tó bá ti wà ní 12.2, bí ìdajì ló kù. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ìwọ ń wo mítà. Tó bá já wálẹ̀ ju 9.6 lọ, bátìrì ti rẹ̀ tàbí orí rẹ̀ dọ̀tí. Tí ọkọ̀ bá jí, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5, ìyẹn ni pé ọ́tánétọ̀ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Mò ń rí i lójoojúmọ́ níbi tí mo ń jókòó sí. Látìgbà tí epo ti wọ́n ní 2023, ọ̀pọ̀ èèyàn ò wa ọkọ̀ wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bátìrì tí kì í rí agbára gbà kì í pẹ́ láyé. Ooru ló ń pa á, àmọ́ ọyẹ́ ló máa ń tú àṣírí rẹ̀, torí ọ́ìlì ẹńjìnì á ti ki, ẹńjìnì á sì wúwo láti yí.

Táíwò 1ZZ:

Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ẹ kú oríire ọkọ̀. Ẹ wo àwo kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà irú ọkọ̀ náà sí. Tí wọ́n bá kọ ZZT230 síbẹ̀, ẹńjìnì 1ZZ-FE ni, ìyẹn ẹńjìnì Corolla 2003 sí 2008 tó kún ìgboro. Tó bá jẹ́ ZZT231, 2ZZ-GE ti GT-S ni, èyí tí Yamaha bá Toyota ṣe. GT ni tiyín, ZZT230 lẹ máa bá níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí agbára káká la fi máa rí mẹkáníìkì ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò tíì tú 1ZZ rí, ẹ sì máa rí pátì rẹ̀ ní Gate n'Íbàdàn.

Mo ní sikánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín láago mẹ́fà lọ́la. Kí ẹ tó tan ọkọ̀, a ó kọ́kọ́ wo ohun tí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi ẹńjìnì ń sọ àti ohun tí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru afẹ́fẹ́ ń sọ. Ọkọ̀ tó ti sùn mọ́jú, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Bí ti omi bá ń sọ pé 70 nígbà tí ara ẹńjìnì tutù bí omi àmù, ó ń tan búréèn bọ́ọ̀sì jẹ nìyẹn. Epo tí ẹńjìnì tútù nílò kò ní dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ búréèn bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti jù nù lórí sẹ́ńsọ̀ tí kò tó àtàǹpàkò.

Ọmọ Ajílété:

Àkànbí, má da ara rẹ láàmú. Yọ thermostat. Èmi yọ tèmi láti èṣí, ọkọ̀ mi ò gbóná mọ́. Ti gíà, ní kí wọ́n da ọ́ìlì 140 sí i, ariwo á dákẹ́.

Ọ̀gá Sùpánà:

Ọmọ Ajílété, mo mọ̀ pé inú rere lo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ kí ìmọ̀ràn yìí dúró níbẹ̀ kí ọmọ ẹlòmíràn tẹ̀ lé e.

Thermostat 1ZZ máa ń ṣí nígbà tí omi bá gbóná tó 80 sí 84. Kó tó ṣí, ó ń ti omi mọ́ inú ẹńjìnì kó lè tètè gbóná. Bí o bá yọ ọ́, omi tútù á máa yí ká látàárọ̀, pàápàá lójú ọ̀nà Ìlọrin tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu rèdíétọ̀. Búréèn bọ́ọ̀sì á rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa da epo kún epo. Epo á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Bí sikánà bá ka kóòdù P0128 lára ọkọ̀ rẹ, ìyẹn pé ẹńjìnì ò gbóná tó bó ṣe yẹ, òun nìyẹn. Tí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, rèdíétọ̀ tó dí, fáànù tí kò yí tàbí omi tó ń jò ni kí a wá. Bó bá sì jẹ́ thermostat ló ti kú, tuntun ni kí a fi rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe ká yọ ọ́ dànù.

Ti ọ́ìlì 140, òótọ́ ni pé ariwo lè dákẹ́ lọ́sàn-án, torí ọ́ìlì tó ki ń bo irin tó ti jẹ mọ́lẹ̀. Láàárọ̀ ńkọ́? 75W-90, ọ́ìlì tí kò ki tó 140, ni Toyota ní kí á lò nínú gíà márùn-ún yìí, kò ju lítà 1.9 lọ. Àkànbí, n ò tíì gbọ́ èsì rẹ lórí ọ́ìlì o.

Ìyá Ìbejì Arówómọlé:

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọ́tò ni Corolla tèmi, òun náà ò fẹ́ wọ gíà gíga láàárọ̀, á kàn máa ké lórí eré. Ọdún tó kọjá ni wọ́n yọ thermostat rẹ̀. Ṣé ó kàn án?

Ọ̀gá Sùpánà:

Ó kàn án, màmá. Búréèn bọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí ọ́tò bọ́ sí gíà tó ga jù títí omi á fi gbóná dé ìwọ̀n kan. Ẹ dá thermostat padà ná kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan gíà yín. Ẹ wo ọ́ìlì gíà náà nígbà tí ọkọ̀ gbóná tó sì ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ọ́ìlì rẹ̀ ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á bá ṣáà ti ní lọ́wọ́.

Àkànbí Kínnirá:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé o. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ yìí, Táíwò dé kí wọ́n tó kírun tán.

Bátìrì 12.1. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ó já sí 9.1. Ìdọ̀tí funfun bí iyọ̀ ti bo ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀, inú sì ni ó wà, lábẹ́ irin tí wọ́n fi dè é, ojú ò lè tètè rí i.

Sẹ́ńsọ̀ omi sọ pé 20, ti afẹ́fẹ́ sọ pé 19. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sikánà bá P0171 nínú ọkọ̀ náà, ìyẹn pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Táíwò fi òǹkà kan hàn mí tó ń sọ iye epo tí búréèn bọ́ọ̀sì ń fi kún un láti fi bo àṣìṣe náà. Kò pẹ́ tí ẹńjìnì jí tó wà ní ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún, bó ṣe ń gbóná ó ń wálẹ̀, nígbà tó gbóná tán ó dúró sí 6. Tí a bá sì tẹ epo tí ẹńjìnì fi ń yí nígbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń dínkù sí i.

Gíà: ẹńjìnì ò ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ẹńjìnì ń ṣiṣẹ́, mo ka ení dé àrún, rìfáàsì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Kejì nìkan ló ké.

Ti ọ́ìlì, mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní àwọn da 140 sí i "kó lè lágbára".

Ọ̀gá Sùpánà:

Ó tán. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ dára. Da 140 yẹn nù, pààrọ̀ rọ́bà okùn gíà. Tí ọ́ìlì bá ń jáde, fi òòfà kékeré gbà á. Tí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá rí bí ẹ̀kọ dúdú, tó kúnná, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Tí o bá rí èérún irin tó ń gún ọwọ́, pè mí.

Táíwò 1ZZ:

Ẹ̀gbọ́n, òǹkà tó ga nígbà tí ọkọ̀ tutù tó sì dúró lójú kan, tó wá ń wálẹ̀ bó ti ń gbóná, gásíkẹ́ẹ̀tì manifold afẹ́fẹ́ ni mo fura sí, ìyẹn rọ́bà tó dí ojú ibi tí páìpù afẹ́fẹ́ ti wọ ẹńjìnì. Ó mọ́ 1ZZ lára gan-an. Rọ́bà rẹ̀ máa ń gan bó bá ti dàgbà. Bó bá tutù, á súnkì, afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ò kà á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Bó bá gbóná, á wú, á dí. Kí ẹ fín omi sí ojú ìdè rẹ̀ lọ́la nígbà tó tutù. Àwọn kan ń fi epo ṣe é. Ẹ má dán an wò, iná lè sọ.

Tó bá jẹ́ pé òǹkà yẹn ń ga sí i bí eré ṣe ń pọ̀ ni, ibòmíràn là bá yà sí: pọ́ńpù epo, fílítà, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́, tí eruku ọyẹ́ ti bò. Ẹ̀yin tí àìsàn ọkọ̀ yín bá jọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi géèjì wọn agbára epo. Ti 1ZZ wà láàárín 44 sí 50 psi. Tí ẹ bá pa ọkọ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ó yẹ kó ṣì tó 21 psi, ó kéré tán. Èyí tó bá já sí òdo, epo ti ń sá padà sí táńkì mọ́jú nìyẹn, ẹ sì máa yí kọ́kọ́rọ́ pẹ́.

Àkànbí Kínnirá:

Ọjọ́ kẹta rèé. Ike tí ìyàwó mi fi ń fín omi sí irun ni mo mú. Ìrì ṣì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tan ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo fín omi sí ìdí manifold láti ọwọ́ òsì lọ. Ibi kìíní, kò sí nǹkan. Ibi kejì, kò sí nǹkan. Nígbà tí mo dé ẹ̀kẹta, mo gbọ́ "ṣììì", omi wọlé lójú mi, ohùn ẹńjìnì yí padà, ó sì dúró jẹ́ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó tún máa gbọ̀n. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Kò mọ̀ nípa ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun náà gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n yọ gásíkẹ́ẹ̀tì náà, ó le bí awọ gbẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú èékánná, kò padà sí bó ṣe wà. Tuntun rẹ̀ dẹ̀ bí rọ́bà ìdè owó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lára ohun tí wọ́n bù fún mi lórí búréèn bọ́ọ̀sì.

Ọ́ìlì gíà jáde bí oyin ìgbà òtútù, ó ń fà, kò fẹ́ dá. Ẹ̀kọ dúdú ló wà lára òòfà, kò sí èérún. A ti da 75W-90 sí i.

Àǹtí Bátìrì Sábó:

Bátìrì ńkọ́?

Àkànbí Kínnirá:

Mo ti fọ orí rẹ̀, Àǹtí, mo sì gba agbára sí i mọ́jú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó tún ti wà ní 12.2. Mo ti ra tuntun. Ní báyìí, bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti jí.

Ó ku ohun kan, Ọ̀gá. Kejì ò ké mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá fi ìkánjú fà á ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, mo ṣì ń gbọ́ ọ díẹ̀.

Ọ̀gá Sùpánà:

Òrùka ti kejì ti jẹ díẹ̀ nìyẹn. Ọdún bíi mélòó kan lo ṣì máa lò lórí rẹ̀ tí o bá tọ́jú rẹ̀, má ì tíì jẹ́ kí wọ́n tú gíà. Nígbà tó bá tutù, tẹ kílọ́ọ̀ṣì, fa gíà sí àárín, fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, tún un tẹ̀, kí o wá fi sí kejì. Bí àwa ṣe ń wa lọ́rì bẹ́dífọ́ọ̀dù nìyẹn, ọwọ́ rẹ á mọ́ ọn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Tó bá ti gbóná, máa wà á bó ṣe wù ọ́.

Ohun kan tó kù: 1ZZ ọdún tirẹ̀ máa ń jẹ ọ́ìlì, torí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìn rẹ̀ kéré, ó sì ń dí. Lítà 3.7 péré ló ń gbà. Máa yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. 5W-30 ni kí o lò. Tí ẹnì kan bá fẹ́ da 20W-50 sí i fún ọ torí ọkọ̀ ti dàgbà, sọ fún un pé òun náà ni 140 ti ẹńjìnì.

Ọmọ Ajílété:

Ọ̀gá, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ títí. Mo ti ra thermostat. 82 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ṣé òun ni?

Ọ̀gá Sùpánà:

Òun ni. Kí o tó dè é, sọ ọ́ sínú omi tó ń hó kí o fojú ara rẹ rí i pé ó ṣí. Tó o bá sì ń dè é, jẹ́ kí irin kékeré tó ń mì lára rẹ̀ kọjú sókè, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde.